Ṣé báńkì ló kọ ọ́ lóòótọ́? Bí ẹ ṣe lè dá ímeèlì ẹ̀tàn mọ̀, àti ohun tí ẹ ó ṣe sí i

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ímeèlì yìí, ṣé ti báńkì ni lóòótọ́?" Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjerò ń bèèrè. Ìyá aláṣọ ní Ọjà Ọba l'Adó ń bèèrè. Ọmọ tó ń retí ìgbaniwọlé sí EKSU tàbí FUOYE, àwọn yunifásítì wa l'Ékìtì, náà ń bèèrè, òun tó yẹ kó mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Mo kọ èyí kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, torí àwọn gbájúẹ̀ kò ní dúró dìgbà tí mo bá ráyè dáhùn.

Bí ẹ kò bá ní àkókò láti kà á tán, ẹ mú gbólóhùn kan yìí lọ: ẹ má gba ojú ọ̀nà tí ímeèlì là sílẹ̀ fún yín lọ sí báńkì. Ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: ta ló ni ímeèlì yín?

Ibí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wa kọ́ ló ṣí ímeèlì ara wa. Ẹni tó ta fóònù fún wa ló ṣí i, tàbí ọmọkùnrin kafé lọ́jọ́ tí a lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló fi sí i, òun ló yan páásíwọ́ọ̀dù, ó sì kọ ọ́ sórí bébà pélébé tó ti sọnù báyìí. Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí ímeèlì náà gbé, nọ́ńbà tirẹ̀ ni Google máa fi kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí, ẹ̀yin ẹ ó sì dúró síta ilé ara yín.

1. Ẹ ṣí Gmail lórí fóònù, kí ẹ tẹ àwòrán tàbí lẹ́tà kékeré tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ wọ inú Google Account, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Security" sí.
2. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tó wà níbi "Recovery". Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ yí i padà lónìí.
3. Ẹ yan páásíwọ́ọ̀dù tuntun tó gùn. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí, ẹ má lo orúkọ ọmọ, ẹ má sì lo èyí tí ẹ ń lò níbòmíràn.
4. Ẹ tan "2-Step Verification". Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹnìkan bá tilẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, yóò ṣì nílò fóònù yín kó tó wọlé.

Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ yín?

Kì í ṣe nọ́ńbà àkáǹtì. Gbogbo ẹni tó ti sanwó fún yín rí ló ní ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wá nìyí:

- páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì tàbí ti áàpù báńkì;
- PIN káàdì ATM;
- nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì;
- OTP, ìyẹn kọ́ọ̀dù tó máa ń wọlé sórí fóònù nígbà tí owó bá fẹ́ jáde.

BVN àti NIN ńkọ́? Nọ́ńbà mọ́kànlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. BVN nìkan kò lè fa owó jáde, ṣùgbọ́n bí gbájúẹ̀ bá ka BVN yín sí yín létí lórí fóònù, ẹ ó gbà pé òṣìṣẹ́ báńkì ni. Nígbà náà ni yóò wá bèèrè OTP. Nítorí náà, ẹ máa fi pa mọ́.

Òṣìṣẹ́ báńkì kan kò ní ìdí láti bi yín ní PIN tàbí OTP. Ẹni tó bá bèèrè ti sọ ẹni tí òun jẹ́.

Bí a ṣe ń yẹ ímeèlì wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ ká ọwọ́ kúrò. Kíkà lásán kì í sábà pa ẹnikẹ́ni lára. Líǹkì tí a tẹ̀, fọ́ọ̀mù tí a kún àti fáìlì tí a ṣí ló ń ṣe é.
2. Ẹ bi í léèrè: kí lo fẹ́ kí n ṣe? Bí ó bá ní kí ẹ tẹ líǹkì kí ẹ lè "fìdí àkáǹtì yín múlẹ̀", kí ẹ fi káàdì sílẹ̀, kí ẹ san owó díẹ̀ kí owó ńlá tó dé, ẹ fura. Ohun tó ń bèèrè ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dùn ún wò lọ.
3. Ẹ wo ìkánjú inú rẹ̀. "Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, a ó ti àkáǹtì yín pa." Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí àyà rẹ̀ bá já kì í ronú. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ mu omi. Kò sí báńkì tí wákàtí kan yóò bà jẹ́.
4. Ẹ wo àdírẹ́sì ẹni tó rán an, ẹ má wo orúkọ nìkan. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ báńkì yín sí ibi orúkọ. Nínú Gmail lórí fóònù, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kékeré "to me" tó wà lábẹ́ orúkọ náà, àdírẹ́sì gan-an á jáde. Báńkì kì í fi àdírẹ́sì tó parí sí @gmail.com kọ̀wé sí oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì bá tilẹ̀ jọ òótọ́, ẹ má tíì gbà, torí wọ́n lè fara wé ìyẹn náà.
5. Ẹ wo ibi tí líǹkì ń lọ, láìwọ ibẹ̀. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ líǹkì náà mọ́lẹ̀ pẹ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì gbé ọwọ́. Àdírẹ́sì yóò hàn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kàn gbé atọ́ka máòsì lé e lórí, ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀.
6. Ẹ má ṣí fáìlì tí ẹ kò retí. Èyí tó bá parí sí .apk, .exe, .zip, .htm tàbí .html ni kí ẹ sá fún jù. Fáìlì .apk máa ń gbé áàpù sórí fóònù. Fáìlì .html lè ṣí ojúewé tó jọ ti báńkì kí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀.
7. Ẹ wádìí láti ọ̀dọ̀ ara yín. Ẹ ṣí áàpù báńkì tó wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, tàbí kí ẹ rìn dé báńkì. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì náà; àwọn kan náà ni yóò gbé e, wọn yóò sì bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.

Kíka àdírẹ́sì: ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Àdírẹ́sì dà bí orúkọ ènìyàn: orúkọ bàbá ló wà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Adéọba, ìyẹn kò sọ ọ́ di ọmọ ààfin. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ òótọ́, èmi ni mo ṣẹ̀dá àwọn yòókù, ẹ má lọ tẹ̀ wọ́n:

- jamb.gov.ng
- jamb.gov.ng.wo-esi-re.com
- jamb-gov-ng.com
- wo-esi-re.com/jamb.gov.ng

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ẹ wá ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ náà, ẹ pa gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e tì. Https:// tó wà níwájú kò sí lára ìṣirò wa. Láti ibẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ ẹni tó ni ín. Nínú èkejì àti ìkẹrin, wo-esi-re.com ló ni ilé náà, "jamb.gov.ng" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ni. Nínú ìkẹta, wọ́n fi àmì ìsopọ̀ rọ́pò dọ́ọ̀tì, ó sì di ohun mìíràn pátápátá.

Bí ó bá parí sí gov.ng, edu.ng tàbí com.ng, ẹ ka ọ̀rọ̀ kan sí i ṣáájú wọn. Ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún ní gov.ng, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ya edu.ng sọ́tọ̀ fún. Ṣùgbọ́n .com, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ lẹ́tà tó jọra: r àti n tó sún mọ́ra máa ń jọ m lójú, òdo máa ń jọ lẹ́tà o, nọ́ńbà 1 máa ń jọ lẹ́tà l. Ẹ̀yin tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ẹ fẹ lẹ́tà fóònù lójú, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí líǹkì náà bá kúrú tí ẹ kò rí orúkọ kankan tó yé yín nínú rẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ àwòrán dúdú-funfun (QR code) tí wọ́n ní kí ẹ fi kámẹ́rà yà, ẹ kà á sí ẹ̀tàn títí ẹ ó fi gbọ́ òótọ́ láti ibòmíràn.

Àwọn tó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa

*Owó ìfẹ̀yìntì.* Èyí ló ń dùn mí jù, torí ẹni tó ti ń retí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ láti ọdún yìí wá kò ní fẹ́ gbà pé irọ́ ni. Ímeèlì náà á ní orúkọ yín ti jáde, kí ẹ san owó díẹ̀ fún "ìwé", tàbí kí ẹ tẹ líǹkì láti fi hàn pé ẹ ṣì wà láàyè. Lóòótọ́ ni PTAD, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lórí ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ní ètò tí wọ́n ń pè ní "I Am Alive". Orí ptad.gov.ng ni ẹ ti máa wá a fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹ sìn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san owó yín l'Adó ni kí ẹ lọ, tàbí kí ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì léèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó gba owó yín, ẹ fi í sílẹ̀.

*JAMB àti ìgbaniwọlé.* Orí CAPS, ètò ìgbaniwọlé tí JAMB ní lórí ayélujára, ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní ìgbaniwọlé, ibẹ̀ náà ni ẹni náà ti ń gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ímeèlì fi máàkì kún máàkì ọmọ yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn wá "ẹni tó mọ ẹnìkan".

*Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú.* Oníbàárà á ní òun ti sanwó, ímeèlì á wọlé pé owó ti dé, pẹ̀lú àmì báńkì àti gbogbo rẹ̀. Ẹ wo owó tó wà nínú àkáǹtì gan-an, lórí áàpù tàbí USSD, kí ẹ tó gbé ọjà fún un. Bí ó bá ń kánjú tó ń bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

*Ẹni tí ẹ mọ̀.* Ọmọ yín ní Kánádà kọ̀wé pé fóònù òun sọnù, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀rẹ́ òun. Àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an ni, torí pé wọ́n ti jí ímeèlì rẹ̀. Ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.

Iṣẹ́ òkè òkun, ẹ̀bùn owó àti ogún olówó tí kò ní àrólé kò nílò àlàyé. Ẹ pa á rẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwa Èkìtì gan-an. A fẹ́ràn ìwé, a sì fẹ́ràn gírámà. Bí a bá rí gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, a máa ń rò pé ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Nígbà kan, gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ máa ń tú àwọn gbájúẹ̀ fó. Ó ti tán. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń bá wọn kọ ọ́ báyìí, gírámà rẹ̀ sì lè dára ju ti báńkì lọ. Ẹ má fi gẹ̀ẹ́sì ṣe òṣùwọ̀n mọ́.

- Gbígbàgbọ́ nínú àmì àgádágodo tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ojúewé. Àmì náà kàn ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́; kò sọ pé ẹni tó ń gbà á kì í ṣe olè. Chrome tilẹ̀ yọ àmì náà kúrò ní ọdún 2023 torí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye.
- Títẹ "unsubscribe" nínú ímeèlì tí ẹ fura sí. Ńṣe ni ẹ ń sọ fún wọn pé ẹnìkan wà nílé.
- Fífèsì láti bú wọn. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn. Ẹ má ṣe é.
- Fífi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pẹ̀lú líǹkì rẹ̀ láti kìlọ̀. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù dípò rẹ̀.
- Bíbéèrè lọ́wọ́ ọmọ kafé kí ó bá yín wọlé wò ó. Ẹ ó fún un ní páásíwọ́ọ̀dù yín nígbà náà.

Ó dá yín lójú pé ẹ̀tàn ni? Ẹ ṣe báyìí

1. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí àdírẹ́sì ẹni tó rán an hàn nínú rẹ̀.
2. Ẹ fi í sun Google. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìfèsì, kí ẹ yan "Report phishing". Lórí fóònù, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, kí ẹ yan "Report spam".
3. Bí wọ́n bá lo orúkọ báńkì yín, ẹ sọ fún báńkì náà.
4. Ẹ pa á rẹ́.

Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín dákẹ́. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa náà máa ń kó sí i. Ohun tí ẹ fún wọn ni yóò sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ẹ tẹ líǹkì, ṣùgbọ́n ẹ kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ ti ojúewé náà. Ẹ wò ó bóyá fáìlì kan wọlé sínú "Downloads". Bí ó bá wà, ẹ pa á rẹ́ láìṣí i.

Ẹ fún wọn ní páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì.

1. Ẹ yí i padà kíákíá, àti níbi gbogbo tí ẹ bá ti ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà.
2. Ní "Security", ẹ wo "Your devices", kí ẹ yọ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín kúrò.
3. Ẹ tún wo nọ́ńbà àti ímeèlì "Recovery". Wọ́n máa ń fi tiwọn rọ́pò.
4. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú "Settings" Gmail, kí ẹ wo "Filters" àti "Forwarding". Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ibí yìí. Olè lè ti ṣètò pé kí gbogbo lẹ́tà yín máa dé ọ̀dọ̀ òun, ẹ lè yí páásíwọ́ọ̀dù kí ó ṣì máa kà wọ́n.

Ẹ fún wọn ní PIN, nọ́ńbà káàdì tàbí OTP. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ímeèlì. Báńkì ló kàn.

1. Ẹ pe báńkì, kí ẹ ní kí wọ́n dí káàdì àti àkáǹtì. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kọ́ọ̀dù USSD tí ẹ lè fi dí i fúnra yín, àní láti fóònù ẹlòmíràn.
2. Bí owó bá ti jáde, ẹ sọ iye rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti ibi tó lọ fún báńkì. Bí wọ́n bá tètè gbọ́, wọ́n lè bá yín dá owó náà dúró níbi tó dé.
3. Ẹ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Ẹ̀sùn ẹnu lásán kò tó.
4. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú àwòrán tí ẹ yà. Ẹ tún lè kọ̀wé sí EFCC ní info@efcc.gov.ng. Òfin tó lòdì sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti wà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣe ẹjọ́.
5. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn sí i.

Ẹ ti gbé áàpù tí wọ́n rán sórí fóònù. Ẹ pa dátà. Ẹ fi fóònù mìíràn pe báńkì, ẹ fi òun náà yí páásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ áàpù náà, kí ẹ sì lo Play Protect inú Play Store láti yẹ fóònù wò. Bí ó bá kọ̀ tí kò yọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fọkàn tán nu gbogbo fóònù náà mọ́ kí ẹ tó tún lò ó.

Ìkìlọ̀ kan: lẹ́yìn tí owó bá ti lọ, ẹlòmíràn á yọjú pé òun lè bá yín gbà á padà, kí ẹ ṣáà san díẹ̀ ṣáájú. Gbájúẹ̀ kejì nìyẹn, ó lè jẹ́ ti àkọ́kọ́ gan-an.

Fún bàbá àti ìyá tí kò fẹ́ wàhálà

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó máa ka àdírẹ́sì láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń ran àgbà kan lọ́wọ́ nílé, ẹ bá a ṣètò wọ̀nyí:

- Ẹ ní kí báńkì dín iye tó lè jáde lóòjọ́ kù.
- Ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún rírà ọjà àti dátà lórí fóònù, kí owó kékeré nìkan máa wà níbẹ̀. Kí owó ìfẹ̀yìntì má wọ ibẹ̀.
- Ẹ rí i pé álẹ́ẹ̀tì SMS ń wọlé sórí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wọn.
- Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹnì kan nínú ẹbí ni wọn yóò kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó dáhùn ímeèlì tó mẹ́nu kan owó. Kí ẹni náà sì jẹ́ ẹni tó máa ń gbé fóònù.
- Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì àti kọ́ọ̀dù ìdíkáàdì sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ má fi pa mọ́ sínú fóònù nìkan, torí fóònù náà lè jẹ́ ohun tí wọ́n gbé lọ.